Ẹ̀wù Eérú fún Ìbejì

Aṣọ náà tún jábọ́ lára ọmọ mi.

Mo ti mọ̀ pé yóò jábọ́, àmọ́ orí mi le, mo sì rò pé bí mo bá rán ojú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, yóò dúró. Búbà aró tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin rán tú ní èjìká, ó yọ́ bí iyọ̀ tó bọ́ sómi, kò sì sí ohun tó kù lára ère Jọládé mọ́ àfi ẹ̀wù eérú. Ẹ̀wù burúkú ni. Ó dà bí àpò ìrẹsì tí wọ́n gé ihò sí kí orí lè yọ. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa nínú Ilé Àpótí ló sún kúrò, tí wọ́n kọjú ère wọn sí ògiri, bí ẹni pé eérú máa ń ranni.

"Ìkìlọ̀ kejì," ni Olùṣọ́ wí. Olùṣọ́ kò ní ojú, kò ní ẹnu, ohùn lásán ni tó ń ti inú ògiri jáde. "Ère Jọládé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àpótí abo. Ó wọ aró. Aró wà nínú àpótí akọ. Ẹni tó rán an ni Fádérera, ìyá rẹ̀, aránṣọ tó ní abẹ́rẹ́ àṣẹ. Ìkìlọ̀ kẹta, ìdájọ́ ni: ọdún méje nínú ẹ̀wù eérú. Ti òní yìí yóò wà lára rẹ̀ títí n ó fi ka ọgọ́rùn-ún."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì.

Ní ti gidi, inú yàrá wa ní Ìgbọ́ọ̀rà ni èmi àti Jọládé jókòó sí, lórí ẹní kan ṣoṣo, awò tí a fi ń wọ inú Gbàgede lójú àwa méjèèjì, àwọn ère wa nìkan ló wà nínú Ilé Àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo na ọwọ́, mo kan orúnkún rẹ̀, egungun lásán ni. Láti ìgbà tí ìkejì rẹ̀ ti lọ, kò gba ohunkóhun sẹ́nu ju ṣíbí ògì méjì mẹ́ta lọ lójúmọ́. Ohun mìíràn tún wà tó ń dẹ́rù bà mí. Àtìgbà tí Jọládé ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sọ ọ́ rí pé oorun ń kun òun tàbí pé ó rẹ òun. "Oorun ń kùn wá" ló máa ń wí. "Ó ti rẹ̀ wá, Màámi." Ogójì ọjọ́ nìyí tí mo ti ń gbọ́ "mi, mi, mi" lẹ́nu rẹ̀.

Nínú Gbàgede, ìkejì rẹ̀ dúró sí apá òsì rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Gbóyèga nìyẹn, tàbí kí n sọ pé ère Gbóyèga. Búbà aró tirẹ̀ dúró lára rẹ̀ dáadáa, nítorí akọ ni. Ó ń họ etí, ó ń kọ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú imú, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà nílé. Ère tí ẹni tó ni ín ti lọ kì í gbàgbé ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fún un láti fi dúró, òní ló sì pé ogójì. Bí oòrùn bá wọ̀, Olùṣọ́ yóò pa á rẹ́, ìrìn rẹ̀ àti orin imú rẹ̀ àti gbogbo ohun tó kù fún mi nínú ọmọ náà.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì wí. "Ẹ má fi agídí ba ti èyí tó kù jẹ́."

Ìdòwú ni wọ́n ń pè é. Òun ni akọ̀wé Ilé Àpótí ní ẹkùn wa, ọmọ Ìgbọ́ọ̀rà bíi tèmi, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní Ìdòwú, Èṣù lẹ́yìn ìbejì, àmọ́ Èṣù tiwa yìí ní ìwà pẹ̀lẹ́ débi pé ó ń bí mi nínú. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n rí ẹni tí n ó bá jà.

"Ẹ tún un kà fún mi," mo ní. "Abala Ìbejì. Ẹ kà á."

Kò wo ìwé kankan. Ó ti kà á fún èèyàn tó pọ̀. "'Ère tí ẹni tó ni ín ti fi ayé sílẹ̀ yóò di píparẹ́ ní ogójì ọjọ́, bí oòrùn bá ti wọ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ìbejì, tí ìkejì rẹ̀ wà láyé, ìkejì lè pa á mọ́ títí, bí àwọn méjèèjì bá wọ aṣọ kan náà, àwọ̀ kan náà, láti orí dé ẹsẹ̀, nígbà tí oòrùn ọjọ́ náà bá ń wọ̀.'"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn àgbà ìlú wa ló bẹ̀bẹ̀ fún un, Mà. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì rà fún èyí tó wà nílé, wọ́n á ra irú rẹ̀ fún èyí tó lọ, kí inú má baà bí i kó wá pe ìkejì rẹ̀. Àwọn tó ni Gbàgede gbọ́, wọ́n gbà."

"Wọ́n gbà. Ṣé wọ́n rántí pé ìbejì máa ń jẹ́ takọtabo?"

Ìdòwú wo ojú tábìlì rẹ̀. "Wọn ò rántí, Mà."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin kan ní àfi kí wọ́n wọ aṣọ kan náà. Òfin kejì ní bí wọ́n bá dán an wò, a ó fìyà jẹ wọ́n. Ẹni tó kọ méjèèjì, ó dá mi lójú pé kò bímọ rí.

Èmi náà sì lẹ́bi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, eré ni Gbàgede, eré tí a máa ń fi fóònù ṣe bí a bá ti ilé ìwé dé. Bí o bá fẹ́ wọlé, yóò bi ọ́: akọ ni àbí abo? Bí o bá ti dáhùn, àpótí kan á ṣí, èkejì á tì. Aró, ewé àti dúdú fún akọ. Òsùn, ìyeyè àti àlùkò fún abo. Mo rántí pé mo fẹ́ràn bàtà aró kan báyìí, kò ṣí fún mi, mo kàn mú ti òsùn, mo bá eré mi lọ. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé kó wọ inú rẹ̀, ọjà tẹ̀ lé e, kóòtù náà tẹ̀ lé e, ìbéèrè ọmọdé ọjọ́ kìíní yẹn sì di òfin. Kò sẹ́ni tó dúró rò ó. Bí mo bá rí ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, n ó fọ́ ọ létí.

"Ọgọ́rùn-ún," ni Olùṣọ́ wí. Ẹ̀wù eérú bọ́ lára Jọládé, búbà òsùn rẹ̀ sì padà sára rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìdòwú rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìbejì takọtabo mẹ́tàdínlógún ló ti dé iwájú tábìlì yìí láti ìgbà tí mo ti wà níbí. Mẹ́rìnlá jẹ́ kí èyí tó lọ máa lọ. Mẹ́ta yí àpótí ọ̀kan padà, akọ di abo tàbí abo di akọ. Ẹ̀yin náà lè yí ọ̀kan padà, Mà. Oòrùn ṣì wà lókè díẹ̀."

"Àwọn mẹ́ta yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe?"

"Wọn ò padà wá kí mi."

"Fi hàn mí ná."

Ó fọwọ́ ra ojú tábìlì, dígí kan sì dìde láàárín wa. Ó kọ́kọ́ gbé Gbóyèga jáde gẹ́gẹ́ bí abo. Irun orí rẹ̀ ti di ṣùkú. Ó wọ búbà òsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń rìn ṣẹ́pẹ́ṣẹ́pẹ́ bí gbogbo ère obìnrin inú Gbàgede ṣe ń rìn, ó sì kí wa ní ohùn tín-ín-rín kan tí n kò gbọ́ rí. Mo dúró kó họ etí. Kò họ ọ́.

"Èmi nìyẹn," ni Jọládé wí. "Kì í ṣe òun."

"Àpótí abo ní ìrìn tirẹ̀, ó ní ohùn tirẹ̀," ni Ìdòwú ṣàlàyé. "Ohun tí akọ bá ti kó jọ, kò lè bá a sọdá."

"Èkejì ńkọ́?"

Ó tún fọwọ́ ra tábìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, Jọládé ló wà nínú dígí gẹ́gẹ́ bí akọ. Ọmọkùnrin kan dúró níbẹ̀ nínú búbà aró, orí rẹ̀ fífá, èjìká rẹ̀ gíga díẹ̀. Gbóyèga ni. Gbóyèga méjì ni mò ń wò, ọ̀kan nínú dígí, ọ̀kan níta dígí, kò sì sí ibi tí mo lè fi ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Nínú yàrá wa, mo gbọ́ tí ara Jọládé dìde nà lórí ẹní. Ogójì ọjọ́ nìyí tí ọmọ yìí kò tíì jókòó lọ́nà tó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ òun."

"Kí lo wí?"

"Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ òun. Inú yín á dùn. Ẹ máa ń sunkún nínú ilé ìdáná, mo máa ń gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ìyá ìbejì kì í sunkún. Èyí tó lọ, a kì í ní ó kú. A máa ń ní ó lọ sí ọjà. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ọjà ni Gbóyèga lọ. Mo sọ ọ́ fún bàbá wọn tó wà nínú ọkọ̀ lórí òkun, níbi tí wọ́n ti ń tún wáyà Gbàgede ṣe, mo sọ ọ́ fún olùkọ́ wọn, n kò sì mì. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, tí n ó fi ìborùn di ẹnu, bí òmùgọ̀. Ibi tí mo rò pé mo ti fara pa mọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ mi ti ń gbọ́ mi.

Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ tí ibà gbé Gbóyèga lọ. Ohun tí àwọn baba wa fi ń wọ ère láṣọ ni pé kí èyí tó lọ má baà fa èyí tó kù. Èmi rèé tí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi tì í lọ bá a. Bí mo bá gbà, n ó ní Gbóyèga méjì, n kò sì ní ní Jọládé kankan.

"Rárá," mo ní. "Ẹ pa dígí yẹn dé."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní rárá!"

Dígí wọlẹ̀. Ìdòwú wo ojú fèrèsé. "Ó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Mà. Bóyá kí ẹ máa dágbére fún un."

Dágbére. Mo wo Gbóyèga, ó ń kọ orin imú rẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Ni mo bá bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, ìyá ìbejì tí kì í sunkún, omi sì kún inú awò mi títí tí Gbàgede fi di ìkùukùu. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo gbójú sókè sí ojú fèrèsé Ilé Àpótí, mo rí eléérú méjì, àwọn tó ń jìyà nínú ẹ̀wù eérú, tí wọ́n ń gbálẹ̀ níta. Ọ̀kan jẹ́ bàbá arúgbó onírùngbọ̀n. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n, torí òfin ní a ò gbọdọ̀ wò wọ́n, èmi náà kò sì wò wọ́n rí ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Aránṣọ ni mí. Mo wo ọrùn ẹ̀wù wọn, mo wo etí rẹ̀, mo wo gígùn rẹ̀ dé orúnkún. Mo nu ojú, mo tún wò ó.

"Ọ̀gá Ìdòwú," mo ní, "àpótí wo ni ẹ̀wù eérú ti ń wá?"

"Kò ti inú àpótí kankan wá. Ìyà ni, kì í ṣe aṣọ oge."

"Ṣé ti akọ yàtọ̀ sí ti abo?"

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. "Mà," ó ní, "ẹ má ṣe é."

"Mo bi yín léèrè ni."

"Kò yàtọ̀. Ọ̀kan náà ni. Àmọ́ ẹ ò mọ ohun tí ọdún méje jẹ́! Ẹ̀yìn gíláàsì ni eléérú ń jókòó sí ní kíláàsì, á máa gbọ́, kò gbọdọ̀ dáhùn. Eléérú nìkan ló lè bá eléérú sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń bọ̀, gbogbo èèyàn á kẹ̀yìn sí i. Ilẹ̀ lá máa gbá bí wọ́n bá ti jáde ní kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni yóò jẹ́ kó tó bọ́ ọ."

"Ṣé Abala Ìbejì ní kí aṣọ wọn lẹ́wà?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ aṣọ ìyà?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, Mà."

Mo bọ́ awò lójú ara mi, mo bọ́ ti Jọládé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti dé ara ògiri yàrá wa, ó pupa. Ojú ọmọ náà ti jìn sínú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́, gíláàsì, ìgbálẹ̀, ẹ̀yìn tí gbogbo ayé máa kọ sí i. Mo rò pé yóò sunkún. Ó gbọ́ mi tán.

"Ṣé òun náà á máa gbálẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Eléérú lè bá eléérú sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Ìyìọlá ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?"

"Kò ní lè bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ nínú Gbàgede. Àmọ́ ó lè wá kí ọ nílé."

"Màámi, kò sẹ́ni tó ń wá sílé ẹnikẹ́ni."

Òótọ́ ló sọ. Mo fẹ́ kó ní òun ò ṣe, mo sì fẹ́ kó ní òun á ṣe, inú mi sì ń ru sí ara mi nítorí èkejì. Ìyá wo ló ń bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní irú ìbéèrè yìí? Ó yẹ kí n pàṣẹ, n kò sì mọ èyí tí n ó pa.

"Àṣàkẹ́ mi," mo ní, "bí o bá ní rárá, kò sí ohun tó ṣe."

"Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún òun," ló wí, ó sì mú awò rẹ̀, ó fi sójú.

Mo padà wọlé. Gbóyèga ṣì dúró níbi tí a fi í sí. Jọládé ṣí àpótí abo tirẹ̀, ó mú búbà òsùn kan tó ti gbó jáde, ó nà án sí mi. Mo bọ́ búbà aró lára ọmọ mi ọkùnrin, mo fi kọ́ apá, mo fi abẹ́rẹ́ àṣẹ so ti òsùn mọ́ èjìká rẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi tú dànù. Ẹ̀wù eérú bò ó.

"Ìkìlọ̀ kìíní," ni Olùṣọ́ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ẹ ò mọ bí ọgọ́rùn-ún ṣe gùn tó. Mo ń wo ojú fèrèsé, mo ń wo bí òjìji àwọn igi ṣe ń gùn sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ti sá jáde tán. Nígbà tó pé, Jọládé ti mú búbà kejì sílẹ̀, mo wọ̀ ọ́ fún un, ó tú, Olùṣọ́ tún kà. Ìdòwú di etí tábìlì mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, búbà ìyeyè ló kù. Mo wọ̀ ọ́ fún un, ó tú.

"Ìdájọ́," ni Olùṣọ́ wí. "Ère Gbóyèga, ọdún méje nínú ẹ̀wù eérú." Kò kà mọ́. Ó tún ní: "Aránṣọ Fádérera. Méjì lára abo, mẹ́ta lára akọ. Ẹ̀ṣẹ̀ márùn-ún pé. A gba abẹ́rẹ́."

Abẹ́rẹ́ mi pòórá láàárín ìka mi.

Ogún ọdún ni mo fi ń lo abẹ́rẹ́ yẹn. Mo mọ òfin aránṣọ lórí bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé àrùn-ún ni, kí wọ́n má ṣe kà á ṣì. Ìkánjú ti jẹ́ kí n gbàgbé. Aránṣọ tí wọ́n bá sì ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò lè fi ọwọ́ kan aṣọ ẹlòmíràn mọ́. Búbà aró tí mo fi kọ́ apá já bọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ mi la inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń mú èéfín.

Gbóyèga wà nínú eérú. Jọládé ṣì wà nínú òsùn. Oòrùn ti kan orí òkè.

"Mo rò pé ẹ mọ̀, Mà," ni Ìdòwú wí. "Mo rò pé ẹ ti kà á."

"Wọ̀ ọ́ fún un!" mo pariwo mọ́ ọn. "Ìdòwú, mo bẹ̀ ọ́, wọ̀ ọ́ fún un!"

"Akọ̀wé ò gbọdọ̀ wọ aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ nìkan ló kù." Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó yí tábìlì ká, ó mú búbà aró náà nílẹ̀, ó sì fi lé etí tábìlì, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Lẹ́yìn náà ló padà lọ jókòó, ó sì bo ojú rẹ̀.

Jọládé wo búbà náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n àbí àbúrò rẹ̀, a kì í mọ èyí tí a lè pè é láàárín wọn, nítorí àwọn méjèèjì ti jà lórí rẹ̀ láti kékeré. Nínú yàrá, ọwọ́ mi ti wà lórí rọ́bà awò tó di orí rẹ̀ mú. Mo lè fà á bọ́. Bí mo bá fà á, ère rẹ̀ yóò dúró gbagidi nínú òsùn, oòrùn yóò wọ̀, Gbóyèga yóò lọ, ọmọ mi obìnrin yóò sì padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìka mi ti wọ abẹ́ rọ́bà náà. Mo ń gbọ́ bí iṣan orí rẹ̀ ṣe ń lù.

N kò fà á. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí àárẹ̀.

Ó mú búbà náà, ó sì wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi apá òsì bọ̀ ọ́, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó tú. Eérú bò ó.

"Ìdájọ́," ni Olùṣọ́ wí. "Ère Jọládé, ọdún méje." Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti di ìlà kan ṣoṣo lára ògiri. Mo rò pé ó ti parí, mo rò pé mo ti sọ ọmọ méjèèjì nù lọ́jọ́ kan. "Ìbejì. Aṣọ: kan náà. Àwọ̀: kan náà. Láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n dọ́gba. A kò pa ère Gbóyèga rẹ́."

Oòrùn wọ̀.

Mo fẹ́ sáré lọ dì mọ́ wọn, àmọ́ ara ère mi kò gbà. Ó yí padà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ mi. N kò ní kí ó yí. Òfin ni: oòrùn ti wọ̀, ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ère kankan kì í dojú kọ eléérú tó bá a wà nínú ilé kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á, mo bú u, ògiri funfun ló wà níwájú mi. Mo rí Ìdòwú tí òun náà kọjú sí ògiri tirẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọdún méje ni n kò fi ní rí ojú wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ilẹ̀. Mo tún gbọ́ orin imú, ti ẹni kan, lẹ́yìn náà ti ẹni méjì.

Mo bọ́ awò. Ilẹ̀ ti ń ṣú nínú yàrá. Jọládé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, awò rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, apá rẹ̀ tín-ín-rín méjèèjì ń lọ sọ́tùn-ún, ń lọ sósì, ó ń gbá ilẹ̀ tí n kò rí. Mo jókòó, mo ń wò ó. Mo ń bi ara mi bóyá mo ti gbà á sílẹ̀ ni tàbí mo ti fà á lé ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, n kò sì rí ẹni tí mo lè bi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí awò kúrò lójú. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Màámi," ó ní, "ebi ń pa wá."

Ẹ̀wà tí mo sè láti àárọ̀ ṣì wà nínú ìkòkò. Mo dìde, n kò sunkún, mo bù ú sí àwo méjì, mo gbé wọn síwájú rẹ̀ lórí ẹní. Ó wo àwo kìíní, ó wo èkejì. Ó fi ṣíbí bu díẹ̀ nínú tirẹ̀, ó fi kún èyí tó wà lápá òsì rẹ̀, ó tún wò wọ́n títí wọ́n fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.